Sátidé Ìmọ́tótó tí Taya Iwájú Gbéra

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi ni Sátidé ìmọ́tótó kan ní Ìgàndò, nígbà ìjọba ológun. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Múfú, ló ni máṣíìnì eré ìje kan, alùpùpù ńlá. Wọ́n ń kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi taya ẹ̀yìn nìkan sáré kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ nílé lọ sí Jámánì. Látìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń dá a gbìyànjú.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ rìn títí aago mẹ́wàá. Bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń kó ìdọ̀tí gọ́tà, mo yọ́ ti máṣíìnì gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ọ̀nà tuntun kan tí kò tíì sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo gùn ún, mo ṣíná sí i, mo yí ọwọ́ iná rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi ń ké, mo wá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì tí mo fi ọwọ́ òsì fún lójijì. Taya iwájú gbéra! Ojú ọ̀run nìkan ni mò ń rí. Mo pariwo, "Bọ̀dá Múfú, ẹ wò mí!"

Nígbà tí taya balẹ̀, mo rí ìyá àgbà kan tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tó ń wò mí.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé máṣíìnì yìí ti bàjẹ́ tó fi ń fò sókè ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì tì í délé. Títí dòní, ìyá yẹn nìkan ni ẹlẹ́rìí tí mo ní.