Awò Òṣùpá àti Búta Ìyá Mi

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, ohun tó kọ́kọ́ mú mi fura nìyẹn. Ọlọ́kadà kan so sípíkà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó ń yí ìlú ká láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bọ̀ wá fi òṣùpá àti ìràwọ̀ han gbogbo ènìyàn ní pápá ilé-ìwé lẹ́yìn ìrun Mọgaribi. Ó ní tọmọdé tàgbà ni, a ò sì ní san kọ́bọ̀. Oògùn apakòríko ni mò ń tà fún àwọn àgbẹ̀ ìlú wa, tí kò jìnnà sí Tẹ̀dé. Nínú òwò tèmi, ayédèrú ń bá ojúlówó jókòó lórí àtẹ kan náà. Mo ti ra ike tí wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ rí, tó jẹ́ pé omi lásán ló wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kejì ni mo máa ń wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣùpá yẹn gan-an ló kó mi láyà sókè. Bàbá mi ló ń wo oṣù fún ìlú wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣaabani, á gun àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú, á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí oṣù ààwẹ̀ bá lé, òun ni yóò lọ sọ fún Lèmọ́mù. Lóòótọ́, rédíò náà ń kéde tirẹ̀, ṣùgbọ́n Lèmọ́mù wa kì í ní ká gba ààwẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi. Bàbá tirẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ààfáà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ẹ̀kọ́ dé, ti ń sọ ọ́ kiri pé ojú bàbá ti gbó, pé ayé ti kúrò níbẹ̀. Kí àlejò wá gbé ẹ̀rọ ìwòṣùpá wá síbí nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Ìfura loògùn àgbà. Mo ti mọ ẹni tó rán wọn, mo sì ti dá wọn lẹ́jọ́ kí n tó fojú kàn wọ́n.

Ìyá mi kú lẹ́yìn Iléyá tó kọjá. Ọdọọdún ló máa ń bá bàbá lọ sórí àpáta náà, á gbé búta onírin tí bàbá fi ń ṣe àlùwàlá dání. Àwa ọmọ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣe ló ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ kó má baà yà sílé opó kan lọ́nà. Mo tẹ̀ lé wọn lọ́dún kan. Omi kún búta náà dé ẹnu, ó wúwo, ìyá mi kò sì gbé e kalẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n gbà á, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Ọ̀rọ̀ náà ṣe mí bákan, àmọ́ mi ò bi í léèrè.

Nígbà tí bàbá ní òun ń lọ sí pápá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó sílé.

Ó ní, "Kí n máa wo oṣù fún ìlú, kí n wá máa sá fún òṣùpá? Kí ni wọ́n á wí?"

Mo tẹ̀ lé e, kì í ṣe nítorí ìràwọ̀.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wá. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù ló ń ṣaájú wọn. Wọ́n gbé awò gígùn kan lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó jọ èyí tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń gbé. Mo kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yí i ká bóyá wọ́n ti ri èèkàn mọ́lẹ̀. N kò rí nǹkan kan. Ọmọbìnrin náà lọ́rọ̀ lẹ́nu. Ó nawọ́ sí Àgùàlà, èyí tí à ń pè ní ajá òṣùpá, ó ní kì í ṣe ìràwọ̀ rárá, pé ayé kan bí tiwa ni. Mo ní lọ́kàn mi pé ta ló débẹ̀ rí. Ó wá ní ilẹ̀ ayé kì í dúró lójú kan, nítorí náà òṣùpá á máa yọ́ kúrò nínú awò díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ òkùnkùn lẹ rí, ẹ sọ fún mi, màá dá a padà." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Bí àwọn tó ń ta ayédèrú oògùn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wọ́n á ti ṣàlàyé kí o tó bi wọ́n.

Òṣùpá ọjọ́ kẹrin Ṣaabani ló wà lókè, tín-ínrín. Àwọn ènìyàn ń tò, wọ́n ń wò ó, ẹnu ń yà wọ́n. Ẹnì kan wá ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá tó ń wo oṣù wá wo tirẹ̀. Ààfáà kékeré yẹn fúnra rẹ̀ ló di apá rẹ̀ mú. Wọ́n ń kí i, òun náà ń dáhùn, ó pẹ́ kí ó tó dé ìdí awò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú lé e. 

Ó ní, "Mo rí i. Alihamudulilai. Ó mọ́ kedere."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ló kàn. Mo gbé ojú lé e, òkùnkùn ni mo rí. Mo gbé ojú kejì lé e, òkùnkùn náà ni. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ayédèrú ni. Mo gbórí sókè láti sọ ọ́ síta. Òṣùpá wà níbi tó wà lójú ọ̀run, ó ti kọjá iwájú awò náà díẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ. Ohun tí bàbá mi rí, kò sí níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bi mí, "Màmá, ṣé ẹ rí i? Àbí ó ti yọ́ lọ?"

Ojú ààfáà wà lára mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣòwò, n kò pe ayédèrú ní ojúlówó fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo ní, "Mo rí i. Ó mọ́ bí Bàbá ṣe wí."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú awò. Ó gbójú sókè, ó wo bàbá, ó wo èmi náà.  Ó rọra yí awò náà padà sójú òṣùpá, ó sì pe ẹni tó kàn. Ojú tì mí, nítorí mo ti pè é lólè lọ́kàn mi láti àárọ̀.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, bàbá bi mí ohun tí mo rí.

"Òkùnkùn ni, Bàbá."

 Bàbá ní ọdún keje rèé tí ojú òun kò ti ríran jìnnà mọ́. Ó ní, "Ìyá rẹ ló ń rí i. Bó bá ti rí i, á gbé búta kalẹ̀ lórí àpáta. Tí mo bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, màá ní Alahu Akubaru."

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀?"

"Wọn kì í gba ẹ̀rí obìnrin lórí oṣù nílùú wa. Ẹ̀rù sì ń bà mí kí iṣẹ́ náà má lọ kúrò nílé wa."

Inú bí mi gan-an. Ọdún mẹ́fà ni odindi ìlú fi ojú ìyá mi gba ààwẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Èmi tí mò ń fura sí gbogbo ayé, n kò fura sí ilé ara mi. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nígbà tí a délé, bàbá wọ yàrá láìtan iná, ó fọwọ́ wá búta náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ lójú gbogbo ìlú ni."

"Mo gbọ́. Nítorí tèmi lo ṣe purọ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lórí àpáta, bí ọwọ́ ṣe wù kó ro ọ́ tó, bí o kò bá tíì rí i, má gbé e kalẹ̀."