Àgùàlà Tí Ọ̀gá Mi Fi Búrọ́ọ̀ṣì Tún Ṣe

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bájúláyé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn sójà ti gbé ìjọba fún alágbádá, tí pósítà olóṣèlú sì ti di iṣẹ́ wa lójoojúmọ́. Èmi ni mo ń ya fọ́tò, tí mo ń fọ fíìmù. Ọ̀gá mi ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ ọ̀dà sórí fíìmù, kí àpá lè pòórá lójú àwọn tó ń du ipò. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Nínú oṣù Épírì kan, bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá láti Akọka. Ó fẹ́ tẹ ìwé kékeré nípa ojú ọ̀run fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní lọ́sẹ̀ yẹn, Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń bá òṣùpá rìn, máa wọ àárín àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ṣù jọ, ó sì máa ń tó ọdún mẹ́jọ kó tó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ mi," ó wí. "Bá mi yà á láti àdúgbò wa níbí, kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé òkè òrùlé tiwọn náà ló wà."

Lẹ́yìn ìrun magíríbì, mo gun orí dẹ́kìn òkè ilé tí mò ń gbé ní Bàrígà. Òjò ti rọ̀, gọ́tà ti kún dé ojúlé, òórùn ìgbẹ́ ń gòkè bọ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́fun. Mo ṣí táǹkì omi kí n lè fọ ọwọ́, eku kan ti wú sínú omi tí gbogbo ilé fi ń wẹ̀. Mo bì. Mi ò rí ìràwọ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn, òjò ló sì lé mi wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ìkùukùu là fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sáré yà á.

Àgùàlà jáde bí iná àtùpà tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, pẹ̀lú ìràwọ̀ mẹ́ta péré tó mọ́lẹ̀ bàìbàì. Inú mi dùn sí i gan-an.

"Ìdọ̀tí wo rèé?" ni ọ̀gá mi wí. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó tọ́ ìràwọ̀ mẹ́jọ mìíràn sí i, ó sì ya ẹnu ṣóńṣó yí Àgùàlà ká bí ìtànṣán.

"Ọ̀gá, wọn ò rí bẹ́ẹ̀."

"Ta ló máa gòkè ọ̀run lọ kà á?"

Mo gba fíìmù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Nígbà tí ìwé jáde, bàbá gbé awò sójú, ó fi ìka ka ìràwọ̀ ara èèpo ìwé. "Mọ́kànlá! Nínú ojú ọjọ́ burúkú yìí!" Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń ṣàdúrà fún mi. Mi ò mọ èyí tó kó mi nírìíra jù, ẹ̀rín tí ọ̀gá mi ń rín lẹ́yìn wa ni àbí ọwọ́ mi tó wà nínú ọwọ́ bàbá.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fara dà á. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo mú ojúlówó fọ́tò náà, èyí tí mo ti tẹ̀ kí ọ̀gá mi tó fi ọ̀dà kan fíìmù, lọ bá bàbá ní Akọka, mo sì jẹ́wọ́.

Ó wò ó pẹ́. "Mẹ́ta yìí, ṣé o fojú ara rẹ rí wọn?"

"Mo rí wọn, sà."

"Kí ló wá dé tí o jẹ́ kí n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́?"

Wọ́n ti pín ìwé náà níléèwé méjì. Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun máa lọ sọ fún wọn, kíláàsì kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ní kí n bá a lọ.

"Dúró síbẹ̀," ó wí. Ó ki fọ́tò náà sápò, ó sì jáde.