Orí Ẹja Tí A Fi Sọ Ọmọ Mi Lórúkọ

Òórùn ẹja ló máa ń ṣáájú Dádì wọlé. Kí elevator ilé gogoro tí à ń gbé ní Weston, ní Toronto, tó ṣí ilẹ̀kùn, òórùn okporoko á ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àwọn aládùúgbò wa á sì máa yọjú wò bóyá nǹkan kan ló kú sínú ògiri. Èmi ní tèmi, ńṣe ni inú mi máa ń dùn, torí òórùn ilé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ ni. Ìwọ̀ ni bàbá mi fi ń pẹja nínú ọ̀sà títí ọlọ́jọ́ fi dé, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá. Wọ́n ní àṣà kan. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá rí ẹja pa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń da agbọ̀n wọn dojú dé, kí ẹnikẹ́ni tó kí wọn, kí ìyá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata. Wọ́n ní ebi tí èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kì í pani bí èyí tó bá èèyàn lójijì.

Dádì kì í ṣe bàbá tó bí mi. Àgbà ìjọ wa ni wọ́n, ọ̀kan nínú àwọn tó sá kúrò nílé nígbà ìjọba ológun, tó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Brampton kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo dé ìlú yìí láti wá fẹ́ ọkọ mi, mi ò ní ẹbí kankan níbí. Dádì ló jókòó síbi tó yẹ kí bàbá mi jókòó sí lọ́jọ́ ìdána, àwọn ni ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún, àwọn ni wọ́n fà mí lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè wọ́n ní Dádì, kì í ṣe lẹ́nu lásán.

Lọ́dọọdún, tí ìgbà ooru bá ti dé, Dádì á wa mọ́tò wọn lọ sí ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, títí wọ́n á fi kan òkun gidi, òkun oníyọ̀, ní abúlé ọ̀rẹ́ wọn òyìnbó kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí. Orí àpáta etíkun ni wọ́n ní àwọn ti ń ju ìwọ̀. Ẹja kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pa, ẹja yẹn gan-an ni wọ́n ń sá gbẹ tó ń di okporoko. Wọn kì í tà á. Tí wọ́n bá dé, ìjọ á ti kóra jọ sílé wọn pẹ̀lú abọ́, ẹnìkan á pariwo pé, "Dádì, ẹja ń bákàn?" Wọ́n á ní, "Ẹja ni o! Akàn kankan ò dé ọ̀dọ̀ mi!" Ìgbà yẹn ni ìtàn á bẹ̀rẹ̀, bí ẹja ṣe fa okùn, bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn jù sómi. Mo máa ń fọwọ́ lérán, mo máa ń ya ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Èmi tí mo pe ara mi lọ́mọ apẹja, mi ò béèrè rí pé báwo ni ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ṣe tètè gbẹ bí igi ìdáná.

Oyún tí mo kọ́kọ́ ní níbí wálẹ̀. Àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, mo sì ṣe àmín, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ bí omi yẹn ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí èkejì dúró, ìyá mi pè mí láti Ẹ̀pẹ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì bẹ̀ mí fún, pé ẹja tí a ó fi sọ ọmọ yìí lórúkọ gbọ́dọ̀ ní orí. Nílé wa, wọ́n máa ń fi ẹja kan ọmọ lórí, wọ́n á ní orí ni ẹja fi ń la ibú já, kí orí ọmọ yìí náà là á já. Ẹja tí kò lórí, kí ló fẹ́ fi la omi? Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ní Toronto, ọ̀tọ̀ ni àpò tí wọ́n ń kó orí okporoko sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n to ara ẹ̀ sí. Mo sọ ọ́ fún Dádì. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lórí. "Ọmọ mi, má wulẹ̀ wá ẹja kiri. Ọwọ́ mi yìí ló máa fà á jáde lókun, tòun torí tòun tìrù." Mo lọ sílé, mo sunkún ayọ̀. Ó dà bíi pé bàbá mi ló sọ̀rọ̀.

Ọmọ dé nígbà tí ewé igi ń pọ́n. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Dádì gbé ẹja náà wọlé nínú àwo funfun. Ó gùn tó apá mi, orí ẹ̀ dúró ṣinṣin, wọ́n sì so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyá ìjọ kan ní, "Ẹ wo ẹja tó múra ju ìyá ọmọ lọ!" gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ń wò wá lórí fóònù. Bí Dádì ṣe fi orí ẹja kan iwájú orí ọmọ mi báyìí, igbe tí ìyá mi ké fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù: "Orí rèé o! Orí rèé!" Ọkàn mi balẹ̀. Mo gbà pé èyí á dúró tì mí.

Ọjọ́ kejì ni mo bu omi gbígbóná sínú bàsíà láti rẹ ẹja náà. Mo tú ríbọ́ọ̀nù. Okùn dúdú ló wà lábẹ́ ẹ̀, okùn ìránṣọ, wọ́n fi rán an yípo ọrùn bí ẹni ń lẹ bùbá tó ya. Mo fà á díẹ̀, orí ẹja bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò bá ara mu. Ó kéré, ó dúdú ju ara lọ, ihò sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi okùn sín in mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Irú ẹ̀ ló kún inú àpò ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé wa.

Ọkọ mi ti ibi shift dé, ó bá mi lórí ìdúró. Ó wo orí, ó wo ara, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Ah, okùn yẹn ò yi. Mo sọ fún Dádì pé kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i."

"Ìwọ náà mọ̀?"

"Kò sí ẹja létíkun yẹn mọ́ jàre, ọjà ni wọ́n ti ń rà á. Gbogbo àwa ọkùnrin la mọ̀. Ta ló fẹ́ dójú ti bàbá àgbàlagbà?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ìyá ọmọ, ẹja ṣáà ni ẹja. Àbí o fẹ́ kó tún wẹ̀ ni?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ fún wa pé inú bàsíà ẹni ló ti lè bá a.

Nígbà tí ara mi mókun, mo pọn ọmọ, mo wọ kóòtù bò ó, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé Dádì ní Springdale. Mo gbé orí ẹja náà sórí tábìlì wọn. Wọ́n wò ó títí, wọn ò bínú, wọn ò sì sẹ́. Wọ́n ní kí àwọn tó dé orílẹ̀-èdè yìí ni ọkọ̀ ńláńlá ti fi àwọ̀n gbá ilẹ̀ òkun yẹn lọ, tí ìjọba sì fi òfin dè é. Ọ̀rẹ́ wọn òyìnbó ló máa ń ròyìn ìgbà tí ọmọdé ń fi ìwọ̀ fa kọ́ọ̀dù láti orí àpáta. Àwọn náà rí díẹ̀díẹ̀ pa láwọn ọdún àkọ́kọ́, kò ju iye ìka ọwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ní ọkọ̀ ló ń rí i níbú, lọ́jọ́ tí òfin bá gbà. "Àwa tí à ń dúró létí omi, koríko òkun ni ìwọ̀ wa ń fà. Wọ́n ní ẹja ń padà bọ̀. Lọ́dọọdún ló ń padà bọ̀. Kò tíì dé etíkun."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ ti gbé abọ́ dúró dè mí."

"Èmi ò gbé abọ́, Dádì. Ọmọ ni mo gbé."

Wọ́n gbójú sílẹ̀. Wọ́n ní àdúrà náà ti gòkè, pé kí n má bà á jẹ́. Mo gbé orí ẹja mi, mo jáde. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo tó sunkún. Tí wọ́n bá mú tilápíà ọjà wá, tí wọ́n ní, "Ọmọ mi, òkun ò fún mi ní nǹkan kan," ẹsẹ̀ wọn ni ǹ bá dì mú kí n dúpẹ́. Ìyá mi ò sọ pé kó ti òkun wá, wọ́n ní kó ṣáà lórí. Dádì ló ṣèlérí òkun fún mi, tí wọ́n sì mú abẹ́rẹ́.

Ọmọ náà dúró. Ó ti ń lọ sí iléèwé báyìí; mo bá a sọ Yorùbá, ó fi òyìnbó dá mi lóhùn. Tí ibà bá mú un, tó sì lọ, ìyá mi á ní orí ẹja ọjọ́ yẹn ló là á já fún un, èmi náà á ṣe àmín, àmín fún orí tí mi ò mọ ara ẹ̀. Dádì ṣì ń lọ sókun, wọ́n ṣì ń há ẹja. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí wọn. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi kì í rẹ́rìn-ín sí ìtàn wọn mọ́, mo máa ń ní ó rẹ̀ mí ni.

Nígbà ooru tó kọjá, ọkọ mi mú ọmọbìnrin wa lọ sí etí odò Humber pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ kékeré àti bákẹ́ẹ̀tì. Dádì ti gbé ẹja ọdún yẹn wá fún wa, wọ́n wà ní pálọ̀ wa nígbà tí bàbá àti ọmọ dé. Ọmọ mi ò tíì bọ́ bàtà tó fi da bákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dojú dé lẹ́nu ọ̀nà, bí mo ṣe kọ́ ọ. Omi díẹ̀ ṣàn jáde lábẹ́ ẹ̀.

"No fish, Mummy."

"O káre, ọmọ bàbá mi."

Dádì bi í pé kí ló dé tó fi dojú ẹ̀ dé. Ó fi òyìnbó ẹ̀ dáhùn, láì wo ojú ẹnikẹ́ni, pé kí ẹnikẹ́ni má bàa máa dúró de ẹja ni.

Dádì wo bákẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n rọra fi ẹsẹ̀ ti àpò ẹja wọn sábẹ́ àga. Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo dín ẹyin.