Imú Ló Ń Ba Fọ́tò Jẹ́

Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, obìnrin ayàwòrán yìí kì í ṣàṣìṣe. Ẹni tó bá wá ya fọ́tò ìdánimọ̀ yóò jókòó sórí àpótí, yóò gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, fọ́tò á sì jáde tí èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka irun ojú. Ìgbà tó bá gbé kámẹ́rà jáde síta ni nǹkan máa ń dojú rú, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì ń jìyà rẹ̀ jù.

Iṣẹ́ àbúrò yìí ni fífò sókè kọjá ọ̀pá ní pápá ìṣeré. Láti ìgbà tó ti ń fò ni ẹ̀gbọ́n ti ń yà á, kò sì tíì sí fọ́tò kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ mọ́ nínú rẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn pápá á mọ́ kedere, èèyàn á rí bí wọ́n ṣe to búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Àbúrò ni yóò dà bí èéfín tó ń kọjá lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ wá yà ni, àbí bíríkìlà ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ayàwòrán-Ògiri nílé nìyẹn. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àyè ẹ̀rín mọ́. Orúnkún àbúrò ti ní òun ò ṣe mọ́. Dókítà ní kó fo ti ọ̀sán Sátidé, kó sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sán yẹn bá lọ láìsí fọ́tò, òmíràn ò sí mọ́ láéláé.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, ẹ̀gbọ́n gbé kámẹ́rà lọ bá bàbá arúgbó kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe. Bàbá gbé e sójú, ó ya aago ara ògiri, ó ya bàtà ẹnu ọ̀nà, ó ya ológbò tó sùn sórí fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ mọ́.

"Ọmọ mi, àrùn kankan ò ṣe kámẹ́rà rẹ. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ."

"Bàbá, ṣé mò ń parọ́ mọ́ ọn ni?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Gbà á, ya ológbò yẹn kí n rí i."

Ó gbà á, ó gbé e sójú. Bàbá tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàdédé pariwo.

"Dúró! Má mira! Ojú wo lo fi ń wò yẹn?"

"Ojú òsì, Bàbá. Òun ló ríran jù."

"Imú rẹ dà?"

Ó dúró gbọnin. Àṣé orí gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ni imú rẹ̀ wà, tó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí: igun-mẹ́rin pupa kékeré kan wà nínú kámẹ́rà náà, ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ni yóò mọ́ nínú fọ́tò. Èèyàn lè fi ìka sún un kiri lórí gíláàsì ẹ̀yìn, kámẹ́rà ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka àti imú. Igun òsì ni ihò tí a ń yọjú wò wà. Ẹni tó bá fi ojú ọ̀tún wò, ìta ni imú rẹ̀ máa wà. Ẹni tó bá fi ojú òsì wò, àárín gíláàsì ni imú rẹ̀ máa gúnlẹ̀ sí. Nínú ṣọ́ọ̀bù, orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà ń dúró, imú kì í dé ibẹ̀ rárá.

"Imú mi! Bàbá, imú mi ló ń lé àbúrò mi kúrò nínú fọ́tò!" Ó ń fò sókè bí ọmọdé. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Imú tó ṣẹ̀ wá ńkọ́?"

"Fi imú rẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn la máa tì mọ́ ọn."

Bàbá fi hàn án bí yóò ṣe pàṣẹ fún gíláàsì náà kó má ṣe gbọ́ ọwọ́ tàbí imú mọ́ nígbà tí ojú bá wà ní ihò. Ó tún ti bọ́tìnnì ẹ̀yìn tí àtàǹpàkò lè ṣèèṣì tẹ̀. "Ibi tó o bá fi igun-mẹ́rin yẹn sí ló máa wà. Tó o bá fẹ́ kó kúrò, ìwọ fúnra rẹ ni wàá ṣí i."

Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó wá ń fi imú ra gíláàsì bí ewúrẹ́ tí ara ń yún.

"Kò mira! Bàbá, kò mira!"

Ó ti sáré dé ìta kó tó rántí pé òun ò tíì dúpẹ́. Ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó tún gbéra.

Nígbà tó dé pápá, àbúrò ti gbá ọ̀pá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n wá ibi jókòó sẹ́yìn tìmùtìmù tí wọ́n ń já lé, ó fi igun-mẹ́rin pupa sí òkè ọ̀pá níbi tí ojú yóò gbà kọjá, ó sì tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí o!" ni àbúrò ké láti ọ̀nà jíjìn. Ó sì gbéra.

Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó yí kọ́nà, ó ta sókè! Kámẹ́rà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Òógùn ń ṣàn láti imú ẹ̀gbọ́n sórí gíláàsì, ṣùgbọ́n igun-mẹ́rin náà dúró bí òkúta. Ẹ̀yìn àbúrò kan ọ̀pá. Ọ̀pá gbọ̀n, ó tún gbọ̀n, ó dúró. Pápá hó yèè.

Àbúrò ń tiro bọ̀. "Ẹ jẹ́ n rí i, ẹ jẹ́ n rí i!"

Wọ́n forí kan orí. Ojú rẹ̀ rèé lókè ọ̀pá, ó mọ́ rekete: òógùn iwájú orí, irun ìpéǹpéjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì di pinpin bíi ti ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ àgbo kíkorò fún, ahọ́n sì yọ síta.

"Háà! Mo dijú! Gbogbo ọdún yìí ni mo ń sọ fáyé pé mò ń rí ojú ọ̀run bí mo bá dé òkè yẹn!"

"Ṣé kí n pa á rẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ẹ pa kí ni rẹ́? Ẹ gbé e wá!" Ó já kámẹ́rà gbà, ó ń fi ẹsẹ̀ tó dáa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ bá ẹni tó ń kọ́ ọ ní fífò. "Kóòṣì! Ẹ wá wo afọ́jú tó fo ọ̀pá!"

Okùn kámẹ́rà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n, kò sì ráyè bọ́ ọ. Bí àbúrò ṣe ń fà á lọ nìyẹn, tí àwọn méjèèjì ń pariwo káàkiri pápá.