Ohun tí Wọ́n Ń San fún Veronica ní Ọ̀wọ̀

Ó ti rẹ Veronica Akínwọlé tipẹ́tipẹ́ kí ó tó gbọ́ iye tí wọ́n ń san fún Dùnsìn. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ló tán obìnrin náà lókun.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Veronica, ilé Kátólíìkì ni wọ́n bí i sí. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, òun náà sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àjọ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbèríko Lákọ̀ọ́kọ́. Àjọ náà ní ọ́fíìsì ní Àbújá, ní Èkó àti ní Ọ̀wọ̀. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ló ní máníjà àgbà fún ètò ìdàgbàsókè, Veronica sì ni ti Ọ̀wọ̀. Òun ló ń rí sí i pé omi ń yọ nínú àwọn kànga ẹ̀rọ tí àjọ gbẹ́ sí àwọn abúlé, pé àwọn obìnrin tó ń yan gàrí rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lò, pé owó tí àwọn olówó ìrànwọ́ gbé kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n rán an.

Bí wọ́n ṣe kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé nìyẹn. Bí ó ṣe rí gan-an ni pé Veronica á jí, á gba Ìdáṣẹn lọ parí ìjà lórí ẹni tó yẹ kó máa gba owó epo jẹnẹrétọ̀, á gba ibẹ̀ kọrí sí Ìyèrè lọ jókòó ti àwọn àgbà tí kò fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wọn, á sì padà sí ọ́fíìsì wá kọ gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dùn ún kà fún àwọn tó wà ní Àbújá. Orúnkún ọ̀tún ti ń dùn ún. Ọkọ̀ àjọ ti gbó ju kí wọ́n máa tún un ṣe lọ, wọ́n sì ń tún un ṣe náà ni.

Dùnsìn ni máníjà àgbà ti Àbújá. Ọ̀dọ̀ Veronica ni ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́. Agùnbánirọ̀ ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Ọ̀wọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá olórí abúlé sọ̀rọ̀ kó má bínú, Veronica ló kọ́ ọ. Nígbà tí Àbújá mú un, tó sì ń gòkè títí tó fi dé ipò kan náà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, inú Veronica dùn, kò sì díbọ́n.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí owó epo gun òkè àjà, Dùnsìn wá láti Àbújá wá wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Ìfọ́n. Raheem, igbákejì Veronica, ló wa ọkọ̀. Wọ́n ti fi Ọ̀wọ̀ sílẹ̀ dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín níwájú. Raheem gbé kẹ́ẹ̀gì, ó wọ inú oko lọ wá omi. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró sábẹ́ igi.

Dùnsìn ń fi gèlè ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ara. Ó ní, “Anti Vero, ẹ rí Àbújá yẹn, ó ń pa wá lọ ni. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tí wọ́n ń san fún wa lóṣù, ẹ wò ó, tí onílé bá ti mú tirẹ̀, kí ló kù?”

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló há Veronica létí.

“Àwa wo nìyẹn, Dùnsìn?”

“Àwa máníjà àgbà náà ni. Èmi, ẹ̀yin, ẹni ti Èkó.”

Nígbà náà ló yé Veronica pé ọmọ yìí kò fọ́nnu. Ó gbà tọkàntọkàn pé iye kan náà làwọn jọ ń gbà.

Ó ní, “Tèmi ò tó ìdajì ìyẹn.”

Ọwọ́ tí Dùnsìn fi ń fẹ́ ara dúró. Ó wo ojú Veronica bóyá àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí koríko pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀.

“Ẹ má bínú, mà.”

“Kí lo ṣe? Dìde, aṣọ rẹ á dọ̀tí.”

Wọ́n dé Ìfọ́n, wọ́n sì ṣe ohun tó gbé wọn wá. Veronica ló ń ṣàlàyé, Dùnsìn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ owó títí wọ́n fi padà.

Akínjídé, ọkọ Veronica, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tó wà nílùú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá sí i.

“Ìyá Tiwa,” ó ní nígbà tó yá, “ṣé o fẹ́ bá wọn jà ni?”

“Níbo ni n óò ti rí agbára ìjà? Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ ìdí rẹ̀ fún mi ni, Bàbá Tiwa. Kí ó sọ ọ́ létí mi, kí n gbọ́.”

Ó pe ọ̀gá pátápátá àjọ náà lórí fóònù. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ líle sí ènìyàn, ìyẹn gan-an ló sì máa ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòroó dá padà. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ pé iṣẹ́ Màdáámú Veronica kéré. Ó ní ibi tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n fi ń pinnu owó oṣù rẹ̀. Àbújá wọ́n, Ọ̀wọ̀ rọrùn. Bó ṣe rí káàkiri orílẹ̀-èdè nìyẹn, kì í ṣe ní àjọ àwọn nìkan.

“Ta ló wá wo Ọ̀wọ̀ tó rí i pé ó rọrùn, sà?”

Ọ̀gá ní ìbéèrè tó dára nìyẹn, àwọn yóò rán ẹni tó máa wá wò ó.

Báyìí ni Gbọ́lá ṣe dé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó tó máa ń wọn bí ìgbé-ayé ṣe wọ́n sí nílùú kan sí òmíràn ló rán an wá. Ọmọlúàbí ni, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá jù ú lọ. Ọ̀gá ní kí Veronica mú un káàkiri, kí ẹnikẹ́ni má sọ lẹ́yìn ọ̀la pé wọ́n ṣe é níkọ̀kọ̀. Nítorí náà, obìnrin tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wọn ìlú ló ń mú ẹni tó ń wọ̀n ọ́n rìn.

Àsìkò iṣu tuntun ni. Gbogbo iṣu Ìyèrè àti ti agbègbè Ọ̀sẹ̀ ti ya wọ ọjà, àwọn àgbẹ̀ ń bẹ àwọn oníbàárà. Gbọ́lá béèrè iye tí wọ́n ń ta òkìtì kan, obìnrin tó ń tà á dá a lóhùn, ó sì tún fi ọ̀kan lé e fún un láìjẹ́ pé ó rà á. Gbọ́lá rẹ́rìn-ín. Veronica rí i pé òun ń gbàdúrà nínú ara òun kí iṣu wọ́n. Ó tijú. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń jẹ iṣu yìí, òun ló tún ń bá àwọn tó ń gbìn ín wá ẹ̀rọ kiri, òun náà ló wá dúró sínú ọjà tó ń retí kí oúnjẹ gbówó lórí.

Owó ilé náà kò wọ́n, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Epo bẹntiróòlù wọ́n ju ti Èkó lọ, Gbọ́lá kọ ìyẹn náà, ó ní yóò ràn án lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Veronica ní kó wá jẹun nílé kó tó padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọn kò tíì bu ọbẹ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ fi kan ilẹ̀kùn. Ìbátan bàbá rẹ̀ láti Ìdáṣẹn ni, ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Veronica wọ yàrá, ó sì mú nǹkan jáde fún un. Opó kan dé lẹ́yìn rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán. Ọkùnrin kan tún dé tí Veronica kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ó ní àwọn ará Ìfọ́n ló júwe ilé rẹ̀ fún òun.

Gbọ́lá gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ.

“Ṣé ẹbí yín ni gbogbo wọn, mà?”

“Àwọn kan. Àwọn tó kù ń rí ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ àjọ sí lára lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n sì mọ̀ pé Àbújá ni olú ilé-iṣẹ́ wà. Ta ló fẹ́ gbà pé mi ò ní?”

“Ṣé ojoojúmọ́ ni?”

“Ọjọ́ tí wọn ò bá wá, òkú ló sùn nílùú.”

Gbọ́lá ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò ó sókè sódò. “Kò sí ibi tí mo lè kọ èyí sí, mà. Ẹ̀bùn ni wọ́n ń pè é. A kì í ka ẹ̀bùn mọ́ ìnáwó.”

“Dùnsìn tó wà ní Àbújá, kò sí ẹni tó mọ ilé rẹ̀,” ni Veronica sọ. Ó ti ọbẹ̀ sún mọ́ ọn. “Ẹ jẹun, ó ń tutù.”

Èsì dé nígbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pè é. Ó ní ìwọ̀n ti fi hàn pé owó tí wọ́n ń san ní Ọ̀wọ̀ tọ́ fún Ọ̀wọ̀, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé. Kò sí àfikún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà. Dùnsìn ti rí iṣẹ́ síbòmíràn, ipò rẹ̀ ti ṣófo, ó sì ti bẹ àwọn pé Veronica ni kí wọ́n fi síbẹ̀. Bí Màdáámú bá fẹ́ wá, owó Àbújá ni yóò máa gbà.

Dùnsìn pè é lọ́jọ́ yẹn kan náà. “Anti Vero, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò yé mi ni pé kí wọ́n tó san owó iṣẹ́ náà fún mi, mo gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí iṣẹ́ wà.”

Òun àti Akínjídé fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Tiwalọlá, ọmọbìnrin wọn, ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, owó ilé-ìwé rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Veronica máa fẹ̀yìn tì náà kò jìnnà mọ́.

“Máa lọ,” ni Akínjídé wí.

“Ẹ̀yin nìkan nínú ilé yìí?”

“Ìgbà wo lo máa ń délé tẹ́lẹ̀?” Kò fi bú u. Veronica náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó gbà láti lọ.

Ó ń kó àwọn nǹkan rẹ̀ jáde kúrò ní ọ́fíìsì nígbà tí Raheem wọlé, tó ti ilẹ̀kùn.

“Mà, wọ́n ti pè mí. Èmi ni wọ́n fẹ́ fi sí ipò yín. Wọ́n ní kí n sọ iye tí mò ń fẹ́.”

“Kí lo fẹ́ sọ?”

Raheem dárúkọ iye kan. Owó náà kò tó èyí tí Veronica ń gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà á kó má pọ̀ jù.

Veronica wá ibi jókòó. Òfin àjọ ni pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ owó oṣù rẹ̀ fún òṣìṣẹ́, ó sì ti pa òfin náà mọ́ láti ọdún gbọọrọ. Ó sọ ti ara rẹ̀ fún Raheem. Ó sọ ti Dùnsìn. Ó sọ èyí tí òun fẹ́ lọ máa gbà.

Raheem gbé ọwọ́ lé orí. “Ṣé wọ́n á fún mi, mà?”

“Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀.”

Owó Àbújá ni Raheem béèrè. Wọn kò fún un. Wọ́n fà á lọ fà á bọ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ sí iye tí Veronica ń gbà pẹ̀lú àfikún díẹ̀. Ọ̀gá pe Veronica, ó rọra béèrè ẹni tó la Raheem lójú.

“Èmi ni, sà.”

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní kí ó rìn ire, àwọn ń retí rẹ̀.

Kúbwá, lẹ́bàá Àbújá, ni Veronica ń gbé báyìí, yàrá kan àti pálọ̀, ilé olówó gọbọi. Inú ọ́fíìsì tó tutù ló ń jókòó sí, tó ń ka àkọsílẹ̀ tí Raheem kọ ránṣẹ́. Nígbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀, ó dúró de ìdùnnú. Nǹkan kan wá, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ó san ti Tiwalọlá, ó fi èyí tí wọ́n máa fi tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe ránṣẹ́ sílé, ó pe ọkọ rẹ̀.

“Kí lẹ jẹ?”

“Ẹ̀bà,” ni Akínjídé dáhùn.

“Pẹ̀lú ọbẹ̀ wo?”

“Má da ara rẹ láàmú. Sọ ti ibẹ̀ fún mi.”

Veronica ronú ohun tó lè sọ. Ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń tètè pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní orúnkún ti fúyẹ́ díẹ̀, nítorí òun kì í rìn mọ́. Ó dágbére fún un, ó sì nà sórí ibùsùn láti sinmi ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Oorun gbé e lọ síbẹ̀.