Àtàǹpàkò Inú Kúlà

"Kúlà mi o! Ẹ gbé kúlà mi fún mi! Dókítà jí mi lẹ́rù gbé o!"

Bí Ìyá Olómi-tútù ṣe ń pariwo wọ ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn. Dókítà wà níwájú rẹ̀, ó ń sáré tete tòun ti aṣọ iṣẹ́ abẹ lọ́rùn, èérún igi kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì gbá kúlà ìyá náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. "Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí i!" Ta ló fẹ́ gbọ́? Ìyá bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó já kúlà gbà, ó ṣí i láti wò bóyá yìnyín òun ṣì kù. Yìnyín wà níbẹ̀, kò dín. Àtàǹpàkò èèyàn ló jókòó lé e lórí nínú ọ̀rá. Ìyá ṣubú gbì, wọ́n sì gbọ́ ọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Àwọn èèyàn ti bu iyọ̀ sí ìtàn yìí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Káfíńtà kan ló ń la pákó, tí ayùn oníná gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ dì í, ó gbé e dé ọsibítù. Dókítà tú aṣọ náà wò.

"Ọwọ́ rèé. Ìka dà?"

"Ó wà nínú èérún igi, sà," ni káfíńtà wí. "Ẹ sáà bá mi di ojú ẹ̀ pa. Ó ti parí."

"Ta ló ní ó parí? Ẹni tí ò ní àtàǹpàkò, kí ló fẹ́ fi di òòlù mú? Eyín?"

Káfíńtà bú sẹ́kún. Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun lẹ́nu òòlù yẹn. Kí nọ́ọ̀sì àgbà tó yíjú, dókítà ti wà lórí alùpùpù. Ẹlòmíì ì bá rán èèyàn. Òun, kó jókòó de ẹni tó lọ tó bọ̀? Ó kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó fi asẹ́ jọ èérún igi bí ẹni ń jọ èlùbọ́, ó rí ìka, ó fi aṣọ tútù wé e, ó dì í sínú ọ̀rá kí yìnyín má bàa jó o. Yìnyín ló kù. Ó bojú wo títì, ó rí kúlà, ó kó ohun mímu inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá, ó ní, "Mò ń bọ̀," ó gbàgbé alùpùpù rẹ̀ síbẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Dókítà Kòjókòó là ń pè é. A kì í purọ́ mọ́ òkú, ẹ̀gún wà nídìí ọkùnrin yẹn! Ìdúró ló ti ń jẹun, á máa yí tábìlì po bí ẹni ń ṣọ́ ọ. Onígbàjámọ̀ rẹ̀ kò gé irun rẹ̀ tán rí, torí náà apá ọ̀tún orí rẹ̀ máa ń kúrú ju tòsì lọ. Fọ́tò méje ni wọ́n yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìyàwó nìkan ló hàn nínú méjèèje. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ọkọ ni àbí èéfín.

Nílé, itan adìyẹ ló fi ń dá ọwọ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Á wá iṣan ẹ̀jẹ̀ rí nínú ẹran náà, á gé e, á sì rán an padà.

"Olówó orí mi," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, "ẹran ọbẹ̀ ni mo rà o, mi ò ra aláìsàn."

Lọ́jọ́ kan, àna rẹ̀ wá jẹun, ó ṣàdédé ń fa nǹkan láàárín eyín. Òwú ni. Òwú tí ojú lásán ò rí, eyín àna rí i. "Kí lèyí?" ni àna bi í. Dókítà ní, "Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, sà, iṣan yẹn ò jò."

Ṣùgbọ́n bó bá ti fojú lé ẹ̀rọ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, gbogbo ara rẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀. Lọ́jọ́ àtàǹpàkò yẹn, ó fi wáyà de eegun mọ́ eegun, ó so okùn ẹran tó ń fa ìka, ó wá kan iṣan ẹ̀jẹ̀, èyí tí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tó irun ìpéǹpéjú. Mí sí i, ó lọ.

"Ẹ má mí!" ló jágbe.

"Bí mo bá wá kú ńkọ́, sà?" ni nọ́ọ̀sì àgbà bi í.

"Ẹ kú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ojú mẹ́ta ló kọ́kọ́ rán káàkiri ẹnu iṣan náà, kó lè fà á là dáadáa, kí abẹ́rẹ́ má sì lọ gán ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ ọn. "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," ló ń kùn lábẹ́ ìbòmú. Ó rán àárín wọn, ó rán iṣan méjì tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà, ó sì tú ohun tó fi há ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Ìka funfun bí ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n dúró. Ó ṣì funfun.

Ni ẹ̀gún bá tún gùn ún. "Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù! Òtútù ti mú un, iṣan yìí ń ṣojo, ó ti súnkì! Ẹ mú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá!" Ó ká ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń yí bẹ́ẹ̀dì po, òógùn ń bọ́ lára gbogbo wọn.

"Sà, ẹ dúró, òòyì ń kọ́ mi," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí.

Ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi oògùn pa lára káfíńtà, kò sùn. Ó bi í jẹ́jẹ́ pé, "Dókítà, ṣé ó ti parí?"

"Mo ní ta ló ní ó parí!" Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì àgbà ní ẹ̀rù ba òun nígbà náà, torí òun ò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n rí.

Ìdí ìka ló kọ́kọ́ pọ́n. Pípọ́n náà rọra gòkè, ó dé orí. Dókítà tẹ èékánná, ó funfun. Ó gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀jẹ̀ sáré bọ̀, ó pọ́n.

"Ó ń padà," ló wí. Ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbalaja. Nọ́ọ̀sì àgbà kì í purọ́, ó ní òun fi ojú òun rí i.

Láti ọjọ́ yẹn, níbi yòówù tó bá ti pàdé káfíńtà, kò ní kí i. Á gbá àtàǹpàkò mú, á tẹ èékánná, á wò ó. "Ó ń padà." Kí káfíńtà tó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó ti dé ìkóríta. Ó di pé bí káfíńtà bá ti rí i lókèèrè, á ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè é. Ní ti kúlà, Ìyá Olómi-tútù ní òun ò gbà á mọ́, tuntun lòun ń fẹ́. Dókítà ra tuntun fún un. Ti àtijọ́ wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ di òní.

Orí ìrìn ni dókítà kú sí, ó ń lọ wo aláìsàn tí ò ránṣẹ́ pè é. Káfíńtà ló kan pósí rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun di òòlù mú. Nígbà tí wọ́n tẹ́ dókítà sínú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Ogójì ọdún," ló wí, "ọkùnrin yìí ò dùbúlẹ̀ dè mí lẹ́ẹ̀kan rí. Ẹ wò ó bó ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́." A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò tíì tán tí ẹkún fi dé.

Káfíńtà wá síwájú láti dágbére. Kò mọ ìgbà tó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí òkú, bó ṣe máa ń nà án. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ náà sí mọ́.

Opó rí i. Ó mú àtàǹpàkò náà, ó tẹ èékánná, ó sì gbọ́wọ́ kúrò. Gbogbo wa ń wò ó, kò sẹ́ni tó mí.

"Ó ń padà," ló wí fún ọkọ rẹ̀.