Afárá Tí Kò Dún

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé ìkàwé ìlú ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ dípò aago mẹ́sàn-án. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, àwòrán tí ẹnìkan fi fóònù yà láàárọ̀ náà sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ẹni mẹ́rin ń du yàrá kan.

Yàrá náà wà nísàlẹ̀, ó kọjú sí títì, gíláàsì sì ni ògiri rẹ̀ kan. Ilé ìkàwé fẹ́ gbé ìlú kékeré kan síbẹ̀ títí lọ: ilé, òkè, ibùdókọ̀, àti ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa yí i po. Bíríkì oníke tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tí kókó orí ọ̀kan ń wọ ìdí èkejì, ni wọn yóò fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó yan ẹni tí yóò gba yàrá náà, tábìlì mẹ́rin ló sì wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, ọ̀kan fún olùdíje kọ̀ọ̀kan. Òfin méjì ni ẹgbẹ́ fi lélẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yí ìlú náà po láì ṣubú. Gọ́ọ̀mù kò sì gbọ́dọ̀ kan bíríkì kankan, torí pé àwọn ọmọ tó bá wá kàwé níbẹ̀ ni yóò máa tú u, tí wọn yóò sì máa tún un kọ́.

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì kẹrin ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Aṣọ ló ń lọ̀. Olójú Irin ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Irin tó fi ń lọ aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé ojú irin ló ń tẹ́ sí yàrá rẹ̀ nílé, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun kò mọ èyí tó fẹ́ràn jù nínú irin méjèèjì, àmọ́ òun mọ èyí tó ti jó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Òun fúnra rẹ̀ ní àpò bíríkì kan bá aṣọ fèrèsé wá síbi iṣẹ́, ẹni tó ni ín kò sì padà wá gbé e. Ọ̀gá rẹ̀ kò rántí àpò kankan. Èyí tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé yàrá ìsàlẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tó ń gbé, ti kún fọ́fọ́ fún ìlú tí kò sí lórí máàpù kankan, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ òkè ni ó ń gbé orí ibùsùn rẹ̀ sí. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí. Ó tú èyí tó rà, ó fa imú rẹ̀ gùn, ó rẹ òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gba inú ihò òkè kọjá, ó sì fi bọ́tìnì kóòtù méjì ṣe iná iwájú. Òwú ló fi so wọ́n.

Ṣùgbọ́n afárá ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó gùn tó apá àgbàlagbà, kò sì sí òpó kankan láàárín rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gorí rẹ̀, a tẹ̀ díẹ̀, gbogbo bíríkì inú rẹ̀ a sì máa dún ṣẹkẹṣẹkẹ bí eyín ẹni tí òtútù ń mú. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ohun tí kò bá lè tẹ̀, kíkán ló máa kán.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ló kan tábìlì tí ìlú náà wà lórí rẹ̀. Òun náà ló kan gbogbo pẹpẹ ìwé tó wà nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì í pè é ní ohun mìíràn ju Ọ̀gá Káfíńtà lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gba yàrá náà tó o. Ìyá ìyàwó rẹ̀ kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, yàrá ìsàlẹ̀ tí ìlú náà kún nílé ni yóò sì kó sí lọ́jọ́ Ajé. Bí ilé ìkàwé bá gba ìlú náà, odidi ni wọn yóò gbé e lọ. Bí wọn kò bá gbà á, inú korobá ló ń lọ, ní bíríkì kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni nínú ilé kò bínú sí ẹnìkejì. Ìyàwó ilé ti ra korobá náà sílẹ̀, ó sì fi aṣọ bò wọ́n kí àbúrò ọkọ rẹ̀ má bàa rí wọn. Ó rí wọn.

Ẹ̀gbọ́n ló di ẹrù láàárọ̀ Sátidé, òun ló sì wa ọkọ̀. Nígbà tí Olójú Irin gbé afárá jáde nínú páálí, ó dì í mú ní ìkangun kan. Afárá náà kò tẹ̀. Ó le gbagidi bíi pákó. Ó ki èékánná bọ abẹ́ bíríkì kan, kò ṣí. Ó gbìyànjú òmíràn, kò ṣí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fi ẹ̀bùn pamọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ṣàlàyé pé lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí àbúrò òun wà níbi iṣẹ́, òun tú afárá náà, òun fi gọ́ọ̀mù pa ojú bíríkì kọ̀ọ̀kan, òun sì tò ó padà bó ṣe wà. Ó ti rí i tó ń tẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, kò sì lè sùn. Lójú káfíńtà, ìsopọ̀ tí kò rí gọ́ọ̀mù, irọ́ ni. Ti òfin ẹgbẹ́, ó ní òun rò pé tábìlì ni wọ́n ń sọ, pé kí wọ́n má lẹ ìlú mọ́ tábìlì.

"Bùọ̀dá, wọ́n máa yọ wá kúrò," ni àbúrò rẹ̀ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ló fẹ́ máa ki èékánná bọ afárá kiri? Ṣé iná orí ni wọ́n ń wá ni?"

Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ni alága ẹgbẹ́, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin kan tí kì í gé èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀. Ìyá Èékánná ni wọ́n ń pè é tó bá ti kọjá lọ. Ìgbà yẹn ló dé ìdí tábìlì kìíní.

Bíríkì tí Olójú Irin kó dání láfikún kò tó ìdajì afárá. Ó lè lọ bá alága kó sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró láàárín pẹpẹ tí òun fúnra rẹ̀ kàn, ìyàwó rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ń kí i ní ọ̀tún àti òsì. Bí àbúrò bá ṣí ẹnu báyìí, ẹ̀gbọ́n ló máa ru ìtìjú rẹ̀ jáde. Ó gbé afárá náà sí àyè rẹ̀, ó sì dúró.

Ọkọ̀ tábìlì kìíní ṣubú níbi kọ́nà. Ti tábìlì kejì yí ìlú rẹ̀ po láìsí wàhálà, òrùlé ilé wọn sì ṣí wẹ́rẹ́ nígbà tí alága ki èékánná bọ̀ ọ́. Bátìrì tábìlì kẹta kú láàárín ọ̀nà. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ kù sáàárín tábìlì kejì àti ìkẹrin.

Alága kí wọn. Ó ṣí òrùlé ibùdókọ̀, ó ṣí. Ó yọ bíríkì kan lára òkè, ó yọ. Ó tẹrí ba wo bọ́tìnì méjèèjì tó wà níwájú ọkọ̀, ó béèrè kóòtù ẹni tó ń ṣí sílẹ̀ kiri ìgboro nítorí wọn, gbogbo àwọn tó dúró sì rẹ́rìn-ín. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń rìn lọ sí ìhà afárá. Kò tíì dé ibẹ̀ tó ní kí wọ́n tan ọkọ̀ ná.

Ọkọ̀ náà gbéra. Ó kọjá ibùdókọ̀, ó wọ inú òkè, ó jáde, ó gun afárá. Ó rìn ín já. Kò sí ìró kankan.

Alága ní kí wọ́n jẹ́ kó tún un rìn. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé etí lé ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ọkọ̀ gun afárá, ó sọ̀ kalẹ̀, afárá dákẹ́ rọ́rọ́.

"Afárá tiyín kì í sọ̀rọ̀ ni?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Alága ki èékánná bọ ojú ìsopọ̀ kan, ó gbé e, ó tún gbé e. Wọ́n gbọ́ ìró kékeré kan. Èékánná ló kán.

"Ta ló fi gọ́ọ̀mù sí i?"

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bọ́ síta kì í ṣe tirẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ ni.

"Èmi ni, mà."

Alága bi í bóyá ó mọ òfin. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Alága ní ọ̀rọ̀ pin nìyẹn, ó sì lọ fún tábìlì kejì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ síta nígbà tó pẹ́ pé òun ló fi gọ́ọ̀mù sí i. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ẹnìkan tó wà nídìí tábìlì kẹta ní ẹ̀gbọ́n fẹ́ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, pé àbúrò rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò tẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò sì gbà pé láàárọ̀ Sátidé ni Olójú Irin ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀: ẹni tó ń gbé pẹ̀lú afárá, báwo ni kò ṣe ní mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀? Òun ní òun kò tan ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, torí iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́rìí pé iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n bi í ìdí tó fi ru ẹ̀bi náà, ó ní ta ló ni afárá.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tú ìlú náà. Ìyàwó ilé gbé korobá síta láìfi aṣọ bò wọ́n mọ́, wọ́n kó pupa sí ọ̀kan, funfun sí ọ̀kan, aláwọ̀ ewé sí ọ̀kan. Ibùdókọ̀ lọ, òkè lọ, ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, tábìlì ti mọ́, àfi afárá nìkan, torí kò sí ohun tí wọ́n lè fi tú u. Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀, ó gbé afárá náà lé orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láàárín pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kò mì. Àbúrò rẹ̀ ń dé korobá tó gbẹ̀yìn lórí.

"Sọ òótọ́ fún mi, jọ̀ọ́. Ká ní mi ò fọwọ́ kàn án, ṣé ì bá gbé ọkọ̀ yẹn dé òdì kejì?"